Ẹ̀rín Ló Ń Bo Ẹ̀rí: Bí A Ṣe Ń To Ìtàgé àti Aṣọ fún Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Apanilẹ́rìn-ín

Bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde bá fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú, ní ilẹ̀ Ọ̀kun wa níbí ní ìpínlẹ̀ Kogí, ní Kàbà o, ní Ìsánlú o, ní Mọ̀pà o, ọ̀rọ̀ aṣọ àti ti ìtàgé ló sábà máa ń kẹ́yìn. Wọ́n á ti yan òṣèré, òṣèré á ti há ọ̀rọ̀ sórí, ọjọ́ eré á ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹnì kan tó wá béèrè pé, "Ta ló ní àga tó dáa nílé? Ta ló lè yá wa ní agbádá?" Bó bá jẹ́ eré Kérésì tàbí ìtàn bí ìlú ṣe tẹ̀dó ni, wọ́n á rọ́gbọ́n dá sí i, eré á sì lọ. Eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó tún ń pani lẹ́rìn-ín kò gba irú ìyẹn. Nínú rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni aṣọ, ẹlẹ́rìí sì ni ilé tí a kọ́ sórí ìtàgé. Bí wọn kò bá sọ tẹnu wọn bó ṣe yẹ, kò sí bí òṣèré ṣe lè mọ̀ ọ́n ṣe tó tí eré náà kò ní dojú rú.

Ohun tó ń rú àwọn ènìyàn lójú ni pé ohun méjì tó ń fa ara wọn lọ́wọ́ ni irú eré yìí ń béèrè. Àdììtú fẹ́ kí òǹwòran tẹjú mọ́ nǹkan kékeré, kó máa rò ó. Àwàdà fẹ́ kó rẹ́rìn-ín, kó sì kọjá lọ. Ẹni tó ń ṣètò ìtàgé àti aṣọ ló máa mú kí méjèèjì gbé pọ̀, ọ̀nà tó sì dá mi lójú jù ni pé kí ẹ̀rí wà lára ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an. Ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín sí nǹkan ti gbà pé òun mọ ìdí tí nǹkan náà fi wà níbẹ̀. Kò ní yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi ẹ̀rí sí, ní gbangba, níbi tí gbogbo ojú ti rí i.

Mo hun eré kékeré kan fún àlàyé yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà rí bí àfẹnusọ lásán. Ilé olóyè kan ní Ìjùmú ni. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ìyá wọn. Ará Abújà ti dé, ará Èkó ti dé, wọ́n sì ti dá aṣọ ẹbí: ankara aláwọ̀ ewé tí a ya lékeléke funfun sí, gbogbo lékeléke náà sì ń fò lọ sókè. Lóru, àpótí tí owó ìnáwó wà nínú rẹ̀ pòórá. Àwọn tí a lè fura sí ni Olóyè fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ akápò ẹbí, ọmọ wọn tó ti Abújà dé, télọ̀ tó rán aṣọ, àti ìyá àdúgbò kan tí òfófó kò jẹ́ kó gbélé. Lówùúrọ̀, akápò jáde pẹ̀lú àpò ràbàtà kan láyà dàńṣíkí rẹ̀, àpò tí kò sí níbẹ̀ lánàá, tí àwọn lékeléke tó wà lára rẹ̀ sì dorí kodò. "Ẹ wo akápò, ó ti ra àpò tuntun!" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó Olóyè kọjú sí télọ̀, ó bú u. Télọ̀ búra pé òun kọ́ lòun rán àpò yẹn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ti télọ̀ tó gbé aṣọ dé lálẹ́ ọjọ́ tó ti ṣèlérí pé òwúrọ̀ lòun á gbé e dé?

Òótọ́ ni télọ̀ ń sọ. Nígbà tí akápò ń gbé àpótí sá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìṣó ara ilẹ̀kùn náà ya aṣọ rẹ̀ láyà, àjákù rẹ̀ sì kù sára ìṣó. Àgékù aṣọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi gán àpò lé ojú ibi tó ya, nínú òkùnkùn, kò sì mọ ibi tí orí ẹyẹ kọjú sí.

Níbi tí a dé yìí, ẹ má ì tí ì lọ sí ọjà. Ẹ gbé ìwé eré síwájú, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sí i: ìgbà wo ni òǹwòran kọ́kọ́ máa rí i, ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ yé e, kí ni yóò sì bò ó láàárín ìgbà méjèèjì. Nínú eré wa, ìṣó, àjákù aṣọ àti àpò ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ ti hàn kedere kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dárúkọ olè. Bí ó bá jẹ́ pé òpin eré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ̀kan jáde lábẹ́ fìlà rẹ̀, a ti rẹ́ àwọn tó sanwó wọlé jẹ. Wọ́n ti ń bá wa rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹ̀tọ́ wọn ni kí a fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi rò ó.

Ilé orí ìtàgé ńkọ́? Ògiri mẹ́ta péré ni, ẹ̀gbẹ́ kẹrin ni àwọn òǹwòran jókòó sí. Férémù igi ni ògiri náà, a lè kan plywood mọ́ ọn tàbí kí a na aṣọ tẹ́rù lé e, lẹ́yìn náà ni a ó kùn ún ní ọ̀dà. Odindi plywood kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gíga, 4 ní fífẹ̀. Ẹ jẹ́ kí férémù kọ̀ọ̀kan rí bẹ́ẹ̀ náà: igi kò ní ṣòfò, èèyàn méjì á sì lè gbé e gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wọlé. A ó fi igi ti férémù lẹ́yìn, a ó sì gbé àpò yanrìn lé ẹsẹ̀ igi náà kó má baà yẹ̀.

Ilẹ̀kùn ni kí ẹ náwó sí. Nínú eré àwàdà, wọ́n á gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ á fi ro wọ́n, bí gbogbo ògiri bá sì ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń gbá a, ẹ̀rín tí ẹ kò béèrè fún lẹ máa gbà. Kí kápíńtà kan férémù ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, igi tó nípọn, kí ó fi igi tì í lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ó tó so ó mọ́ ògiri. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní ògiri ẹ̀gbẹ́, a máa ń fi ìdè rẹ̀ sí apá tó jìnnà sí òǹwòran, a sì máa ń jẹ́ kó ṣí sí ẹ̀yìn ìtàgé. Báyìí, ara ilẹ̀kùn náà ni yóò dí ojú àwọn ènìyàn kí wọ́n má rí òṣèré tó ń dúró de àkókò rẹ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wọlé kò ní máa yí ilẹ̀kùn po kí a tó rí ojú rẹ̀. Àfi bí eré bá fẹ́ kí ẹnì kan sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn lójú gbogbo ayé. Ìyẹn ni a ṣe máa jẹ́ kó ṣí sínú.

Ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà tún wà ńbẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ á há mọ́ olóyè tó na apá agbádá. Ẹ jẹ́ kó lé ní mẹ́ta. Kí obìnrin tó ga jù nínú eré wé gèlè rẹ̀ bí yóò ṣe wé e lọ́jọ́ eré, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó gèlè, kí kápíńtà tó gé igi òkè. Bí adarí eré bá sì fẹ́ kí gèlè máa kọ́ ara ilẹ̀kùn nígbàkigbà tí ìyá náà bá ń wọlé, ìwọ̀n yẹn náà lẹ máa lò. Ẹ gé e ní ìka mẹ́rin sísàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn gbọ̀ngàn wa mọ̀ pé ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Àga ẹ̀yìn kò ga ju ti iwájú lọ, gèlè àti fìlà sì kún àárín. Ohun tí ẹ bá gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ìtàgé, àwọn tó jókòó ní ìlà kẹta kò ní rí i. Nítorí náà, ẹ̀rí kankan kò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìbàdí òṣèré. Ìdí nìyí tí mo fi gbé àpò yẹn sí àyà, tí n kò fi í sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí àpò dàńṣíkí máa ń wà. Ìṣó ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Kí òṣèré tó ń ṣe akápò dúró ti ilẹ̀kùn náà nínú bàtà tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ eré, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí àyà rẹ̀ kàn. Ibẹ̀ ni ìṣó máa wà. Ẹnì kan máa ń wà nínú gbọ̀ngàn tí yóò fojú wọ̀n ọ́n, inú rẹ̀ á sì dùn dọ́ba nígbà tó bá rí i pé ó bára mu.

Ìṣó gidi kọ́ o. Ìṣó tó yọrí síta lórí ìtàgé tí àwọn ènìyàn ti ń sáré wọlé sáré jáde lè fa ara ya, ó sì lè fọ́ ojú. Kí kápíńtà gbẹ́ èèkàn igi kékeré tó nípọn tó àtàǹpàkò, kó yí i lórí kó má mú rárá, kí ẹ kùn ún ní àwọ̀ irin. Ó tóbi ju ìṣó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ìṣó gidi kò ní hàn. Ilẹ̀kùn náà ni kí ẹ kùn ní àwọ̀ tó dúdú, kí ìṣó mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, kí ìyàwó Olóyè fi báàgì rẹ̀ kọ́ ọ, kó sì ráhùn pé ó ti pẹ́ tí òun ti ní kí wọ́n yọ ọ́. Olóyè á gbé òòlù, á fi lu ìka ara rẹ̀, á sọ òòlù nù, á lọ jókòó. Ìka Olóyè ni gbogbo wọn á rántí. Ìṣó á wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó kan ohunkóhun, ẹ fi páálí ṣe ilé náà ní kékeré. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ìtàgé ń lò ni 1 sí 25, tó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà 4 dúró fún mítà kan. Ẹni tó ga tó mítà 1.75 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7. Ẹ gé èèyàn páálí mélòó kan, ẹ máa gbé wọn rìn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ògiri àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n wọn gan-an níbi tí ẹ ti ń dánrawò. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n á máa fi ṣe ilé fún ìgbà díẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti ń forí gbárí á hàn kí owó igi tó wọlẹ̀.

Ó wá ku aṣọ. Gbogbo wọn ló wọ ankara kan náà, àfi télọ̀. Báwo ni òǹwòran ṣe máa dá wọn mọ̀? Nípa bí a ṣe gé e ni. Olóyè fẹ̀ nínú agbádá. Ìyàwó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìró àti bùbá, gèlè rẹ̀ ló ga. Ọmọ Abújà fi tirẹ̀ rán senator tó fún mọ́ ọn lára. Akápò wà nínú dàńṣíkí tó tóbi jù ú lọ díẹ̀. Ìyá olófòófó ká ìpèlé jọ lé èjìká, ó dà bíi pé ẹrù ló rù. Télọ̀ kò sí nínú aṣọ ẹbí rárá, téèpù ló wà lọ́rùn rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ ta aṣọ funfun kan lálẹ́, ẹ tan iná sẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn òṣèré máa gba àárín iná àti aṣọ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjìji nìkan lẹ máa rí. Bí ọmọdé tó jókòó níwájú aṣọ náà kò bá lè sọ pé "Olóyè rèé, ìyá olófòófó rèé," ẹ padà sọ́dọ̀ télọ̀ gidi.

Ṣé ẹ ti kíyè sí ohun tí a ṣe? Gèlè ìyàwó ń pani lẹ́rìn-ín, ṣòkòtò ọmọ Abújà ń pani lẹ́rìn-ín, ìpèlé ìyá àdúgbò náà bẹ́ẹ̀. Àpò akápò jẹ́ ọ̀kan láàárín wọn. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni aṣọ rẹ̀ ní ohun àpanilẹ́rìn-ín, ojú gbogbo èèyàn á dúró lé e lórí, àṣírí á sì tú kí ìran kejì tó parí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun kan ṣoṣo lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ìyókù aṣọ rẹ̀ jẹ́ aṣọ ọmọlúàbí. Ẹ rántí Moses Olaiya, Baba Sala wa (1936–2018): aago ràgàjì lọ́rùn ọwọ́, táì labalábá ńlá, awò ojú ràbàtà. Àṣejù yẹn dùn lára rẹ̀ nítorí pé àwọn tó yí i ká nínú eré múra bí ènìyàn gidi.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀, pàápàá níbí. Ní Bùnú, àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró lóòró, aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò sì jẹ́ ti ìsìnkú àwọn ẹni ńlá àti ti egúngún. Àgbàlagbà tó bá ti ibẹ̀ wá, tó rí pupa lórí ìtàgé, ọkàn rẹ̀ á ti lọ síbì kan. Èmi a lo èyí fún ṣíṣi àwọn ènìyàn lọ́nà: ìpèlé ìyá olófòófó ni n ó jẹ́ kó pupa. Kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá wọlé ni ara á máa fu àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ fi pupa ọjà lásán ṣe é. Aṣọ ìpò gidi kò yẹ lórí eré ẹ̀fẹ̀, bí ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ yá yín. Aṣọ tí a fi sin bàbá ẹlòmíràn ni, mo sì rọ̀ yín kí ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Dàńṣíkí akápò á tó méjì: èyí tó dá ṣáká ní ọjọ́ kìíní, àti èyí tó ní àpò. Lára ti kejì, ẹ ti gé ihò sí àyà ṣáájú, kí ó rí gẹ́lẹ́ bí àjákù tó wà lára ìṣó, kí ẹ fi Velcro, téèpù alẹ̀mọ́ra tí a lè fà ya, lẹ àpò bò ó, kí ẹ wá fi òwú funfun tó nípọn gán etí àpò náà nìkan wúruwùru kí ó lè jọ iṣẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rán. Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá fà á lọ́jọ́ ìjẹ́jọ́, àpò á já lẹ́ẹ̀kan, ihò á yọ, á sì gbé àjákù lé e. Ẹ ra gbogbo ankara náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi ọ̀pá méjì lé e, torí èyí tí ẹ bá padà lọ rà lè yàtọ̀ díẹ̀ ní àwọ̀, ẹni tó bá sì lójú aṣọ á rò pé ẹ̀rí ni ìyẹn náà.

Pípààrọ̀ aṣọ kíákíá kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn apidán ayé àtijọ́ máa ń yí aṣọ ara wọn padà lójú agbo, kí ẹ tó ṣẹ́jú wọ́n ti di nǹkan mìíràn. Tiwa rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń fi aṣọ ìwọ̀sùn jáde lóru lè wọ ti òwúrọ̀ sábẹ́ rẹ̀, a sì lè fi Velcro sí abẹ́ bọ́tìnnì kí aṣọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ fi kóòtù gígùn àti páìpù òyìnbó sílẹ̀. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni kí ó jẹ́, tí wọ́n pè torí pé ilé rẹ̀ kò jìnnà. Kí ó wọ bùbá àdìrẹ. Ògìdì, ìlú Nike Davies-Okundaye, wà nítòsí wa fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Òun àti télọ̀ nìkan ni lékeléke kò sí lára wọn, nítorí náà ojú á máa wá a nígbàkigbà tó bá dé. Ọ̀ràn aṣọ ọlọ́pàá gidi náà ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Bí eré yín bá ní ọlọ́pàá tó wọ aṣọ iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí DPO àgbègbè yín, kí òṣèré náà má sì wọ̀ ọ́ jáde sí títì rárá.

Ọ̀rọ̀ iná ṣe kókó ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Iná búlúù ni a sábà fi ń ṣe òru lórí ìtàgé. Lábẹ́ rẹ̀, pupa á fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Bí ankara yín bá jẹ́ búlúù tí a ya ẹyẹ funfun sí, ẹyẹ àti ilẹ̀ aṣọ á dà bí ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé àjákù aṣọ ẹbí ló wà lára ìṣó. Nítorí èyí ni mo ṣe mú aláwọ̀ ewé: ilẹ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn, lékeléke á sì tàn. Kí ẹ tó ra aṣọ, ẹ gba ègé kékeré lọ́wọ́ oníṣòwò, kí ẹ gbé e sábẹ́ iná tí ẹ máa lò gan-an, kí ẹ tún gbé e sábẹ́ iná tí ẹ máa tàn bí NEPA bá mú tiwọn lọ, torí gílóòbù kan yàtọ̀ sí èkejì ní bó ṣe ń fi àwọ̀ hàn.

Ìdánrawò aláṣọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àṣálẹ́ ọjọ́ eré. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí àyè lè wà fún àtúnṣe. Ẹ pe èèyàn bíi márùn-ún tí kò gbọ́ ohunkóhun nípa eré náà, ẹ pín wọn káàkiri: kí ẹnì kan jókòó ní ìpẹ̀kun ọ̀tún níwájú, kí ẹnì kan wà ní ìpẹ̀kun òsì, kí ẹnì kan lọ sí ìlà ìgbẹ̀yìn pátápátá. Ẹ dá eré dúró kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, ẹ má bi wọ́n ní ẹni tí wọ́n fura sí. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń dárúkọ àpò akápò, tí wọ́n sì rántí ìṣó nítorí ìka Olóyè, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Bí ẹni ìlà ìgbẹ̀yìn kò bá rí i pé ẹyẹ ara àpò dorí kodò, ẹ wá ibi tí ẹyẹ ti tóbi jù lára ankara náà, ẹ gé àpò mìíràn níbẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá ti mọ olè, ìgbà tí àpò kọ́kọ́ jáde ni kí ẹ yẹ̀ wò: ẹ jẹ́ kí gèlè ìyàwó Olóyè kọ́ ara ilẹ̀kùn gẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí akápò bá wọlé.